Bíà mi máa ń dùn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tó bá ti dé inú kẹ́ẹ̀gì á di páálí. Ẹ gbà mí o

ỌmọAsẹ́rò · Sátidé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Asẹ́rò ni mò ń gbé níbí l'Abẹ́òkúta, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń pọn bíà nílé, lítà 19 lẹ́ẹ̀kan. Ọkà bàbà tí mo rẹ fúnra mi tí mo jẹ́ kó hù tí mo sá gbẹ ni mò ń lò, mo máa ń fi málìtì bálì díẹ̀ tí wọ́n bá mi rà l'Ékòó kún un kó lè lágbára dáadáa láti yí sítáàṣì padà sí ṣúgà. Ìyẹn ò ní wàhálà. Tí ọtí bá ṣì wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo bu díẹ̀ tọ́ wò, òórùn hop (òdòdó kíkorò tí wọ́n ń sè mọ́ bíà) inú ẹ̀ máa ń ta sánsán bí ìgbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn, ìyàwó mi tí kì í mu bíà gan-an á ní kí n gbé e wá kóun gbóòórùn ẹ̀.

Tí mo bá ti gbé e sínú kẹ́ẹ̀gì ni nǹkan ń yíwọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ṣì ṣeé mu. Ọ̀sẹ̀ kejì, òórùn ọsàn yẹn ti pòórá, àwọ̀ ẹ̀ tó rí bí oyin á ti ṣú bí omi ẹ̀wà, téèyàn bá wá gbé e sẹ́nu, páálí ni, páálí tí òjò pa. Kì í ṣe pé ó kan o, kò kan rárá, ó kàn kú ni.

Bí mo ṣe ń gbé e nìyí: màá fọ kẹ́ẹ̀gì, màá ṣí ìdérí ẹ̀, màá so hóòsì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, màá jẹ́ kó máa dà wọlé látòkè títí tó fi máa kún, màá wá dé e. Mi ò ní sílíńdà CO2, gáàsì tó ń jẹ́ kí mínírà máa hó yẹn, torí náà tí mo bá fẹ́ mu nínú ẹ̀, pọ́ǹpù táyà kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń ti ọtí jáde. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ni mo ti dà nù báyìí, lítà 57, ó dùn mí dọ́kàn. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa?

Ìyá_Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ · 8:40 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o ọmọ mi. Owó ọkà nìkan ò kéré, ká má tíì sọ ti igi ìdáná. Kẹ́ẹ̀gì wo là ń sọ ná? Ṣé rọ́bà táwọn ẹlẹ́mu fi ń gbé ẹmu ni àbí irin? Tó bá jẹ́ rọ́bà, kò ní lè di gáàsì mú, á kàn wú bí ikùn àkèré ni, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ara rọ́bà yẹn wọlé díẹ̀díẹ̀ bó o tiẹ̀ dé e pa.

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àgbàdo lèmi ń pọn ní Lafẹ́ńwá, ọwọ́ ìyá ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Tiwa kì í ju ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ táwọn èèyàn á ti mu ún tán, ọ̀rọ̀ páálí yìí ò dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n èmi kì í jẹ́ káwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ da ọtí láti ibi gíga, ẹnu igbá gbọ́dọ̀ kan ẹnu ìkòkò. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, mi ò bi í léèrè ìdí.

ỌmọAsẹ́rò · 8:52 alẹ́

Irin ni màmá. Irú èyí táwọn ilé iṣẹ́ mínírà ń lò nígbà kan tí wọ́n ń pè ní corny, tòkúnbọ̀ ni mo rà, lítà 19 náà ló ń gbà. Ó ní ẹnu méjì lókè, ọ̀kan fún gáàsì, ọ̀kan fún ọtí, tọtí yẹn ní páìpù gígùn kan tó lọ títí dé ìsàlẹ̀. Àwọn ẹnu yẹn máa ń pa ara wọn dé téèyàn bá ti yọ kọnẹ́tọ̀ kúrò.

Ẹ̀gbọ́n_Ìbarà · 9:27 alẹ́

Àbúrò, irú ẹ ti ṣe èmi náà rí, mo mọ bó ṣe ń dunni. Jọ̀ọ́, gbé pọ́ǹpù táyà yẹn kúrò nítòsí ọtí lálẹ́ òní. Afẹ́fẹ́ tá à ń mí yìí, ìdá 21 nínú 100 ẹ̀ ni ọ́síjìn, gbogbo ìgbà tó o bá tẹ pọ́ǹpù yẹn, ọ́síjìn lò ń kó lé ọtí lórí tó o tún ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ wọnú ẹ̀. Àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní bíà inú àgbá kan tí wọ́n ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń fà á, àmọ́ tí wọ́n bá ti ṣí i, bí ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń sáré tà á tán, ìwọ wá ń tọ́jú tìẹ fọ́sẹ̀ méjì nínú ooru Abẹ́òkúta.

Ìkejì, dídà tó ò ń dà á látòkè yẹn. Ọtí tó ń já bọ́ tó ń ta yẹ́ríyẹ́rí, gbogbo ara ẹ̀ ló ń kan afẹ́fẹ́. Nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè é tá a fẹ́ da ìwúkàrà sí i, ìyẹn dáa, ìwúkàrà nílò ọ́síjìn láti fi pọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọ̀tá ni.

Ìkẹta ni pé kẹ́ẹ̀gì tó o pè ní òfìfo yẹn ò ṣófo. Afẹ́fẹ́ lítà 19 ló wà níbẹ̀ kí ọtí tó dé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àlàbàtà · 9:45 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti màmá. Food Science ni mò ń kà ní yunifásítì, ní Camp. Adùn páálí tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn ní orúkọ, trans-2-nonenal ló sábà máa ń fà á, ahọ́n èèyàn sì máa ń tètè mọ̀ ọ́n kódà tó bá kéré gan-an. Kì í ṣe kòkòrò ló ń fà á, ìdí nìyẹn tí ọtí yín ò fi kan. Kí ọtí tó kan bí ọtí kíkan tá a fi ń sebẹ̀, bakitéríà á wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì wà níbẹ̀. Ti páálí, afẹ́fẹ́ àti ooru ti tó o.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ẹ gbé ọtí wọlé jẹ́jẹ́, kò ta rárá, ó wá ku àlàfo ìdajì lítà lábẹ́ ìdérí tí afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Nínú ìdajì lítà yẹn, ọ́síjìn ibẹ̀ á tó miligíráàmù 135. Ẹ pín in fún lítà 19, miligíráàmù 7 ló máa bọ́ sí lítà kan. Àwọn ilé iṣẹ́ bíà ńláńlá ò fẹ́ kó kọjá 0.05 nínú lítà kan. Àlàfo kékeré tó tó ife omi méjì, ó ti kọjá tiwọn ní ìlọ́po 140.

Ooru tún ń lé e lérè. Tí ooru bá fi 10 gúráàdì lé sí i, bíà máa ń yára gbó ní bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Èyí tó wà nínú yàrá tó gbóná tó 32 àti èyí tó wà nínú fíríjì ò lè jọ gbó bákan náà.

Ọ̀rẹ́_Ọbáńtókò · 10:03 alẹ́

Gbogbo èyí ò le tó báyìí jàre. CO2 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ̀gbọ́n kàn wá sílíńdà kékeré, ẹ ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì, ẹ fín CO2 sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, á tẹ́ bí ẹní síbẹ̀, ẹ wá da ọtí sí abẹ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lèmi ń ṣe é.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àlàbàtà · 10:15 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ọbáńtókò ẹ má bínú, òótọ́ ni pé ó wúwo, ó fi bí ìdajì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Àmọ́ kì í tẹ́ bí ẹní. Gáàsì méjì tó bá pàdé, ńṣe ni wọ́n máa ń pò pọ̀, bí ẹ ṣe ń fín in ẹ ti ń dà á rú nìyẹn, bí ọtí ṣe ń wọlé ó tún ń rò ó pọ̀ sí i.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kẹ́ẹ dé kẹ́ẹ̀gì pa, kẹ́ẹ fi CO2 tẹ̀ ẹ́ dé 15 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì), kẹ́ẹ wá tú u sílẹ̀ láti ara fáàfù orí ìdérí. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn, ọ́síjìn inú ẹ̀ á dín kù sí ìdajì, láti 21 sí 10 àbọ̀. Ẹ tún un ṣe, ó di 5 lé díẹ̀. Tẹ́ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó máa ku bí 0.02 nínú 100. Èyí tó tún dáa jù ni kẹ́ẹ pọn omi Star San, oògùn tó ń pa kòkòrò, kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, mílílítà 1.5 sí lítà omi kan, kẹ́ẹ dé e, kẹ́ẹ wá fi CO2 lé omi yẹn jáde láti ẹnu ọtí. Ibi tómi bá kún, afẹ́fẹ́ ò ráyè jókòó.

Ọ̀rẹ́_Ọbáńtókò · 10:21 alẹ́

Ó dáa, mo gbọ́. Màá dán ti omi yẹn wò, torí tèmi náà kì í pẹ́ kó tó ṣú, mo rò pé ọkà ni.

Onírin_Lafẹ́ńwá · 10:50 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe, mi ò mu ọtí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sílíńdà tẹ́ ẹ dá yìí ló mú mi wọlé. Ẹ má lọ bá panẹbítà kankan kẹ́ ẹ ní kó fún yín ní gáàsì. Ọ́síjìn ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ sílíńdà tẹ́ ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn, ohun tẹ́ ẹ ń sá fún gan-an ni, tó bá sì kan òróró tàbí gíríìsì iná lè sọ. CO2 tàwọn kan nínú wa ń lò fún ẹ̀rọ wẹ́dìn yàtọ̀. Ti CO2 náà, ohun tó wà nínú ẹ̀ lé ní 800 psi, kẹ́ẹ̀gì yín yìí 130 ni wọ́n sábà máa ń kọ sára ẹ̀. Láìsí rẹ́gúlétọ̀ tó dáa, ẹ má so ó mọ́ nǹkan kan. Kẹ́ ẹ sì má ṣe é nínú yàrá tí fèrèsé ẹ̀ wà ní títì, CO2 ò lóòórùn, ó máa ń pààyàn láìmọ̀.

ỌmọAsẹ́rò · Sọ́ńdè, 6:30 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé owó sílíńdà àti rẹ́gúlétọ̀ ò tíì sí, iléèwé àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ṣé kí n dá pípọn dúró títí màá fi rówó ni?

Ẹ̀gbọ́n_Ìbarà · Sọ́ńdè, 1:10 ọ̀sán

Má dá a dúró. Ohun tó wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ sọ láti àná nìyí, ó gbà mí lákòókò kí n tó mọ̀ ọ́n: ọjọ́ tó o máa gbé ọtí kọ́ ni iṣẹ́ yìí ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó o da ìwúkàrà sí i ni. Ìwúkàrà ń ṣe CO2 fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, o wá ń jẹ́ kó gba inú ike omi kékeré orí bọ́kẹ́ẹ̀tì sá lọ sójú ọ̀run. Lítà 19 tí ọtí ẹ̀ bá tó 5 nínú 100, gáàsì tó ń tú jáde látinú ẹ̀ tó bí lítà 400. Ìlọ́po 20 kẹ́ẹ̀gì ẹ nìyẹn! Ìwọ wá ń ronú owó sílíńdà.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ yẹn kọ́kọ́ jẹ́ ìṣòro torí ìdérí ẹ̀ kì í dé pa. Kẹ́ẹ̀gì rọ́bà lítà 25 tí màmá ń sọ lẹ́ẹ̀kan, òun ló máa wúlò níbí. Òótọ́ lọ̀rọ̀ màmá pé kò ṣeé tọ́jú ọtí sí, àmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan tí ìwúkàrà fi ń ṣiṣẹ́ tí gáàsì ń tú jáde látinú lọ síta, kò sí láburú, ọmọrí ẹ̀ onítẹ̀ẹ́ yẹn máa ń dé pa. Ra tuntun tó jẹ́ ti oúnjẹ o, má lo èyí tí wọ́n ti gbé kẹrosíìnì rí, òórùn ẹ̀ ò ní jáde láéláé. Lu ihò kan sí ọmọrí, fi hóòsì bọ̀ ọ́ pẹ̀lú wáṣà rọ́bà kó mú dáadáa, fi ẹnu ẹ̀rọ kan sí ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́.

Ọjọ́ tó o bá da ìwúkàrà sí i, fọ kẹ́ẹ̀gì onírin ẹ, fi omi tó ń pa kòkòrò ṣan án, dé e. Má lo blíìsì tí wọ́n fi ń fọṣọ funfun o, ó máa ń jẹ irin yẹn nihò. Hóòsì tó ti ọmọrí rọ́bà wá, so ó mọ́ ẹnu ọtí kẹ́ẹ̀gì onírin, kí gáàsì lè gba páìpù gígùn yẹn balẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kó máa ti afẹ́fẹ́ sókè. Láti ẹnu gáàsì, so hóòsì mìíràn, ti ìdí ẹ̀ bọ inú ike omi kan tó ní Star San. Ibẹ̀ lo ti máa rí i tó ń hó bùlù bùlù. Fi ìgò òfìfo kan sáàárín rọ́bà àti kẹ́ẹ̀gì tí ìfófò bá fẹ́ gòkè, kó má bàa dé inú kẹ́ẹ̀gì. Àlàfo lítà 6 tó o ní lókè rọ́bà yẹn náà á ràn ẹ́ lọ́wọ́.

ỌmọAsẹ́rò · Sọ́ńdè, 1:44 ọ̀sán

Hàà. Ẹ̀gbọ́n, ó ti yé mi. Mo ń lọ sí Kútò lọ́la lọ ra kẹ́ẹ̀gì rọ́bà àti hóòsì.

ỌmọAsẹ́rò · Ọjọ́bọ̀, 9:05 alẹ́

Mo ti ṣe é o. Àná lálẹ́ ni mo da ìwúkàrà sí i, 1.048 ni háídírómítà tí mo fi ń wọn ṣúgà inú ọtí kà. Irú ìwúkàrà tí wọ́n ń pè ní kveik láti Nọ́wè ni, tí ooru ò ń dà láàmú, torí iná ò dúró níbí tí n bá ní kí n gbé e sí fíríjì.

Wàhálà kan ṣẹlẹ̀ ṣá. Láti àárọ̀ mo fetí mọ́ ara kẹ́ẹ̀gì rọ́bà yẹn, mò ń gbọ́ ọ tó ń ṣe ṣíríṣírí nínú, téèyàn bá fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ó le díẹ̀. Àmọ́ inú ike omi tó wà lópin, kò hó. Ẹyọ kan ò jáde. Ibo ni gáàsì ń gbà lọ?

Ẹ̀gbọ́n_Ìbarà · Ọjọ́bọ̀, 9:20 alẹ́

Ìdérí kẹ́ẹ̀gì onírin ni. Àwọn ìdérí corny yẹn, agbára gáàsì ló máa ń tì wọ́n mọ́ rọ́bà róbótó wọn láti inú. Tí gáàsì bá kéré, wọn ò ní mú, á máa gba ẹ̀gbẹ́ yọ. Po ọṣẹ kó fófò, bí a ṣe ń yẹ sílíńdà gáàsì ìdáná wò, fi kànìnkànìn pa á yí ìdérí ká.

ỌmọAsẹ́rò · Ọjọ́bọ̀, 9:58 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ náà ni! Mo ti pa ọṣẹ sí i, iná tán, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń wò ó. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, nítòsí ẹsẹ̀ irin tó ń tì ìdérí, ìfófò kékeré kan ń wú díẹ̀díẹ̀ bí ojú ẹja, ó bẹ́, òmíràn tún wú níbẹ̀.

Onírin_Lafẹ́ńwá · Ọjọ́bọ̀, 10:12 alẹ́

Gé túùbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, méjì, kó fẹ̀ tó eékánná àtàǹpàkò. Ki ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì irin tó ń ti ìdérí yẹn, kó o tó tẹ irin náà wálẹ̀. Á jẹ́ kó fà á mú sókè le jù ti tẹ́lẹ̀. Kò kan inú ọtí rárá, ìta ló wà.

ỌmọAsẹ́rò · Ọjọ́ Ẹtì, 6:40 àárọ̀

Ó ń hó o! Mo ki túùbù yẹn sí i lálẹ́ àná, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ń hó títí di àárọ̀ yìí, ọmọ mi kékeré jókòó síwájú ẹ̀ ó ń kà á. Ẹ̀gbọ́n Onírin ẹ ṣeun, ẹ kú ọgbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n_Ìbarà · Ọjọ́ Ẹtì, 12:30 ọ̀sán

Ọlọ́run ṣeun. Fetí sí èyí tó kù báyìí. Má dúró kó tó parí tán kó o tó gbé e. Ká ní o mọ̀ pé 1.010 ló máa ń parí sí, nígbà tó bá dé 1.014 tàbí 1.015 ni kó o gbé e. Ṣúgà tó kù yẹn, inú kẹ́ẹ̀gì onírin ni ìwúkàrà á ti parí ẹ̀, gáàsì ẹ̀ á wọnú ọtí, o ò ní nílò láti da ṣúgà sí i. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ìwúkàrà tó ṣì wà láàyè á jẹ ọ́síjìn díẹ̀ tó bá yọ́ wọlé, kó tó ráyè ba ọtí jẹ́.

Lọ́jọ́ náà, gbé rọ́bà sórí tábìlì láti ìdájí kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè silẹ̀. Gbé kẹ́ẹ̀gì onírin sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí síkéèlì. Yọ hóòsì kúrò lẹ́nu ọtí, so hóòsì tó wá láti ọmọrí rọ́bà yẹn mọ́ ẹnu gáàsì. Kí nìdí? Bí ọtí ṣe ń wọ kẹ́ẹ̀gì nísàlẹ̀, CO2 tó wà níbẹ̀ á padà sókè lọ gba àyè tí ọtí fi sílẹ̀ nínú rọ́bà, wọ́n á kàn máa ṣe pààrọ̀ láàárín ara wọn. Afẹ́fẹ́ ìta ò ní ẹnu ọ̀nà. Tó o bá ṣí ọmọrí rọ́bà nígbà yẹn, o ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Kó o tó so hóòsì ọtí mọ́ ẹnu ọtí, rántí pé afẹ́fẹ́ wà nínú hóòsì náà. Ṣí ẹnu ẹ̀rọ, fi ìka tẹ ojú kékeré tó wà nínú kọnẹ́tọ̀, jẹ́ kí ọtí ti afẹ́fẹ́ jáde sínú ife títí ọtí nìkan á fi máa bọ̀, kó o wá so ó. Ife yẹn, mu ún.

Ọ̀rẹ́_Ọbáńtókò · Ọjọ́ Ẹtì, 1:15 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní dáa kó kọ́kọ́ ki rọ́bà bọ frísà kí ọtí mọ́? Èmi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ méjì ṣáájú.

Ẹ̀gbọ́n_Ìbarà · Ọjọ́ Ẹtì, 1:32 ọ̀sán

Òun gan-an ló tún ń ṣú tìẹ. Tí gáàsì bá tutù, á sún kì, á wá máa fa nǹkan wọlé láti ìta. Ike omi orí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó o rò pé ó ń dáàbò bò ó, omi inú ẹ̀ á kọ́kọ́ wọlé, afẹ́fẹ́ á wá tẹ̀ lé e. Inú kẹ́ẹ̀gì onírin tí gáàsì ti wà nínú ẹ̀ ni kó o ti mú un tutù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá silẹ̀ níbẹ̀, ife kìíní tàbí ìkejì á kó o jáde.

ỌmọAsẹ́rò · Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

1.015 ni mo bá a lọ́sàn-án, mo gbé e lálẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe é. Níbẹ̀rẹ̀ kò ṣàn, ó dúró bí ẹni tí kò fẹ́ lọ, mo fa fáàfù orí ìdérí fẹ́ẹ́rẹ́ ó ní fíì, ni ọtí bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú hóòsì. Kò sí ariwo. Kò sí ìfófò. Mo ti dá síkéèlì padà sí òdo kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo wá dúró tì í tó ń kà lọ, 5, 9, 14, nígbà tó di kílò 18 àbọ̀ mo ti ẹnu ẹ̀rọ. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú 35.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa gbé ọtí kúrò lójú kan lọ sójú kejì tí mi ò gbóòórùn ẹ̀ nínú yàrá. Gbogbo òórùn tó máa ń kún ilé wa tẹ́lẹ̀ tí mo rò pé ó dáa yẹn, inú ọtí ló ń kúrò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àlàbàtà · Ọjọ́ Ajé, 10:41 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ sọ kẹ́yìn yẹn, ó wọ̀ mí lára. Tẹ́ẹ bá fẹ́ fi géèjì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nínú ooru bí 30 gúráàdì ó lè sún mọ́ 35 psi, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Tẹ́ẹ bá gbé e sí fíríjì tó tutù dé 4, á wálẹ̀ sí bí 12, gáàsì ti wọnú ọtí nìyẹn.

ỌmọAsẹ́rò · Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, Sátidé, 7:30 alẹ́

Mo ní kí n má tètè pariwo, ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn. Ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà bá mi wá sílíńdà CO2 kékeré kan tó ní rẹ́gúlétọ̀, èyí tó bá mi lápò, mo fi ń ti ọtí jáde ní 10 psi.

Ó ṣì pọ́n bí oyin. Mo bu ú sínú gíláàsì, mo gbé e sí tòsí fèrèsé, mo ń rí ọwọ́ mi lódì kejì. Òórùn ọsàn yẹn ṣì wà níbẹ̀! Mo pe ìyàwó mi, mi ò sọ nǹkan kan fún un, ó gbóòórùn ẹ̀ ó ní, ṣé o tún ti pọn tuntun ni.

Ìyá_Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ · 7:55 alẹ́

Inú mi dùn fún ẹ ọmọ mi. Mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ yìí, ọmọ mi ló ń kà á fún mi. Ṣé èmi náà lè fi irú kẹ́ẹ̀gì onírin yìí tọ́jú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan? Àwọn kan máa ń fẹ́ rà á lọ fún ìnáwó, ó máa ń kan kí ọjọ́ tó pé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àlàbàtà · 8:20 alẹ́

Màmá ẹ kú iṣẹ́. Ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kó kan, púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ bakitéríà tó ń ṣe lactic acid, ìyẹn ò nílò afẹ́fẹ́ láti ṣiṣẹ́, tẹ́ẹ bá dé e pa á ṣì kan. Òtútù ló lè dẹwọ́ ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì á jẹ́ kó má gbó, á jẹ́ kó ní gáàsì tó ń ta lẹ́nu, á sì rọrùn láti gbé sínú fíríjì. Àmọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ṣì ní ṣúgà púpọ̀ nínú nígbà tẹ́ẹ bá ń tà á, ìwúkàrà á máa jẹ ẹ́ lọ, gáàsì á máa gòkè. Ẹ ò gbọdọ̀ dé e kẹ́ẹ gbàgbé ẹ̀. Géèjì gbọdọ̀ wà lórí ẹ̀, kẹ́ẹ sì máa fa fáàfù láàárọ̀ àti lálẹ́ tó bá ti kọjá 30.

Ìyá_Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ · 8:33 alẹ́

Mo ti gbọ́. Ní fíríjì, pẹ̀lú géèjì. Ibo ni mo ti lè rí géèjì yẹn?

ỌmọAsẹ́rò · 8:40 alẹ́

Màmá ẹ má rà á. Mo ní kẹ́ẹ̀gì onírin kejì nílé tí mi ò tíì lò, géèjì wà lórí ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì mo máa dé Lafẹ́ńwá lọ́sàn-án, màá gbé e wá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣẹ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kù dè mí.